Ẹ̀sọ̀ Ni Ẹran Líle Ń Fẹ́: Bí A Ti Ń Se Taco Ẹlẹ́ran Màlúù Nínú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹ tó ìdí ààrò. Ọ̀pọ̀ ìyálé ilé ni owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká ju ẹran tí ó yi lọ, ẹran èjìká tí àwọn ọmọ yóò jẹ títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi máa ro wọ́n. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, irú ẹran bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Mẹ́síkò fi ń se taco aládùn.

Kí ni taco?

Tortilla ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò wú, tí a fi àgbàdo tàbí fúláwà ṣe. Bí a bá ká a bo ẹran àti ata, tí a sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́, ó di taco. Ní ìpínlẹ̀ Jalisco, ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n ń sè pẹ́ nínú ọbẹ̀ ata, wọ́n ń pè é ní birria. Ní ìlú Tijuana, lẹ́bàá ààlà Amẹ́ríkà, ẹran màlúù ni ó gbilẹ̀. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò mọ́ àwọn ogún àṣà tí ó yẹ kí aráyé pa mọ́.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú àgbàdo

Oúnjẹ yìí kò jìnnà sí tiwa. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ata àti tòmátì ti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1492. Ní gúúsù Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àgbàdo, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn.

Kí wọ́n tó lọ àgbàdo tortilla, wọn a kọ́kọ́ sè é nínú omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a ti sun mọ́, wọn a sì jẹ́ kí ó sùn sínú rẹ̀. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ó ṣe é pò, òun ni ó sì ń tú fítámì kan, niacin, sílẹ̀ fún ara. Àwọn tí wọ́n kó àgbàdo lọ sí Yúróòpù kò kó ọgbọ́n yìí lọ. Níbi tí tálákà kò ti rí ohun mìíràn jẹ ju àgbàdo lọ, àìsàn pellagra dé: awọ ara ń bó, inú ń ṣu, orí ń dàrú, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, láti ọdún 1914, Dókítà Joseph Goldberger ni ó fi hàn pé àìjẹunre ni ó fà á, kì í ṣe kòkòrò. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀wà, ẹja àti ẹran mọ́ ògì rẹ̀ kò ní láti fòyà. Ṣùgbọ́n bí a bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a béèrè bí wọ́n ti ń sè é.

Bí ẹ kò bá rí ìyẹ̀fun àgbàdo tortilla rà, ẹ lo fúláwà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Sonora, ní àríwá Mẹ́síkò.

Ohun tí a ó lò

Ẹran èjìká màlúù kílò 1½, tàtàṣé 4, ṣọ̀m̀bọ̀ gbígbẹ 2, tòmátì 3, àlùbọ́sà ńlá 1, aáyù ẹyọ 5, fínígà ṣíbí ìjẹun 2, táìmù, iyọ̀ àti òróró díẹ̀.

Fún tortilla 12: fúláwà ife 3, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, òróró ṣíbí ìjẹun 5, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife 1.

Bí a ó ti sè é

Ẹ gé ẹran sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ fi iyọ̀ pa á, kí ẹ sì dín in nínú òróró díẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ bọ ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti aáyù fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ lọ̀ wọ́n kúnná. Ẹ dà á lé ẹran lórí pẹ̀lú fínígà àti táìmù, kí ẹ bu omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó.

Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ dé e. Wákàtí 3 sí 4 ni yóò lò. Iná pẹ̀lẹ́ ni ó ń yọ́ iṣan funfun tí ó so ẹran pọ̀. Iná líle a máa mú ẹran gbẹ. Bí fọ́ọ̀kì bá ń fà á ya wẹ́rẹ́, ó ti jinná. Ẹ fi fọ́ọ̀kì 2 fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dá a padà sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Ẹ po fúláwà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pín in sí 12, kí ẹ yí i pẹlẹbẹ. Nínú páànù gbígbóná tí kò ní òróró, ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e kí ó má baà le.

Ẹ bu ẹran sí i, kí ẹ wọ́n àlùbọ́sà tútù sí i, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Píà náà bá a mu.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ẹ má ṣe gbé ìkòkò kaná kí ẹ sì jáde lọ sí ilé ìsìn. Ẹ sè é ní alẹ́ Sátidé tí gbogbo ilé wà nílé. Kí ẹran sísè má ṣe wà níta ju wákàtí 2 lọ. Ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3, kí ó sì máa hó dáadáa kí ẹ tó bù ú.

Ẹ̀yin baba, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ẹ ya ẹran, kí àwọn ọmọ yí tortilla. Oúnjẹ tí gbogbo ilé fi ọwọ́ sí, gbogbo ilé ni yóò jókòó jẹ ẹ́.