Sir Barnes Wallis, Onímọ̀ Ẹ̀rọ Òfuurufú àti Baálé Ilé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni yóò ti gbọ́ ìròyìn àwọn odi omi ilẹ̀ Jámánì tí àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ní òru ọjọ́ 16 sí 17 oṣù May, 1943. Àwọn mìíràn sì ti wò ó nínú sinimá tí a ṣe nípa rẹ̀ ní ọdún 1955. Ìyìn tí a ń fún ẹni tí ó ronú kan àdó olóró tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìdajì ìtàn ọkùnrin yìí ni a ń sọ bí a bá bá a dé ibi iṣẹ́ tí a kò sì bá a dé ilé. Èyí ni ó mú kí á gbé kálámù láti rántí Sir Barnes Wallis.

Ìlú Ripley ní ẹkùn Derbyshire ni a bí i sí, ní ọjọ́ 26 oṣù September, 1887. Oníṣègùn ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kan rọ baba náà lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré, owó sì wọ́n wọn nínú ilé. Ọmọ náà yege nínú ìdánwò sí Christ's Hospital, ilé-ẹ̀kọ́ tí Ọba Edward Kẹfà dá sílẹ̀ ní ọdún 1552 nítorí ọmọ àwọn tálákà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, nítorí a ó tún padà dé ibẹ̀. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó lọ kọ́ nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1913 ni ó wọ ilé-iṣẹ́ Vickers, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú onígáàsì, èyí tí ó máa ń léfòó lójú sánmà bí ẹja ńlá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ó tó gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì London, ní ọdún 1922.

Ọdún yẹn kan náà ni ó rí Molly Bloxam. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Molly. Wallis sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìlọ́po méjì ọjọ́ orí rẹ̀ géérégé. Ẹ̀rù ba baba ọmọbìnrin náà, ó sì kọ̀ fún wọn láti máa fẹ́ra. Àmọ́ Molly ń lọ sí yunifásítì, ìṣirò sì le fún un. Wallis, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ilẹ̀ Switzerland nígbà náà, bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun máa kọ́ ọ nínú lẹ́tà. Baba gbà. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ, tí lẹ́tà ń bọ̀, tí ó kún fún ìlà àti igun àti iye. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin! Ìṣirò ni ó fi ṣe alárinà. Ní oṣù April, 1925, baba náà fa ọmọ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì.

Ọkọ̀ onígáàsì R100 tí Wallis ya egungun rẹ̀ fò lọ sí Kánádà ní ọdún 1930, ó sì padà láyọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù October ọdún náà, R101 tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe já lulẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn 48 sì kú. Nítorí èyí ni a ṣe wó R100 pàápàá, tí a tà á bí irin àlòkù. Wallis kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Effingham ní ẹkùn Surrey, ó sì bọ́ sí ìdí ọkọ̀ òfuurufú oníyẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe egungun Wellington. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń hun agbọ̀n yóò mọ àṣírí rẹ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ọta ìbọn bá já ọ̀kan, àwọn yòókù yóò gbé ẹrù rẹ̀. Ó lé ní 11,000 Wellington tí a ṣe. A kò mọ iye àwọn ọmọkùnrin tí ọkọ̀ ojú-ihò yẹn gbé padà fún ìyá wọn.

Ní ọdún 1940, àdó olóró àwọn ará Jámánì pa àbúrò Molly àti ọkọ rẹ̀, ó ku ọmọkùnrin méjì. Wallis àti aya rẹ̀ kó wọn wá sílé, wọ́n sì sọ wọ́n di ọmọ wọn. Láti ọjọ́ náà, ọlọ́mọ mẹ́fà ni wọ́n.

Nínú ọgbà ilé yìí, ní oṣù April, 1942, ni ó ti da omi kún ọpọ́n ńlá kan, tí ó yá ọta gíláàsì tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi ń ṣeré, tí ó sì ń fi kànnàkànnà ta á sí ojú omi, tí ọta náà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kọjá, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú odò. Àwọn ọmọ ni ń bá a ṣa ọta padà. Bí aládùúgbò bá yọjú, yóò rò pé baba kan ni ó ń bá ọmọ ṣeré, kò sì ní ṣì í rò pátápátá. Ohun tí baba náà ń wá ni àdó tí yóò fo àwọ̀n tí a ta síwájú odi omi kọjá, tí yóò rì mọ́ ẹsẹ̀ odi, tí yóò sì bú níbẹ̀.

Ọkọ̀ Lancaster mọ́kàndínlógún ni ó gbéra ní òru náà, ọmọkùnrin 133 sì wà nínú wọn. Odi Möhne àti odi Eder ya. Mẹ́jọ nínú ọkọ̀ náà kò padà. Ènìyàn 53 kú, a sì mú mẹ́ta ní ìgbèkùn. Nísàlẹ̀ odi, omi gbé ènìyàn tí ó lé ní 1,000 lọ, àwọn àjèjì tí a fi agbára kó wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì sì pọ̀ nínú wọn. Kò yẹ kí á fi èyí pa mọ́ nítorí pé a ń yin òkú. Ní òwúrọ̀, nígbà tí Wallis gbọ́ iye àwọn ọmọkùnrin tí kò padà, ó sunkún.

Ẹ̀dùn náà kò fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ó ń wá ọkọ̀ òfuurufú tí ó lè na ìyẹ́ rẹ̀ kí ó sì tún ká a kò, ọkọ̀ kékeré tí a ń darí láti ilẹ̀ ni ó fi ń dán an wò. Kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn kú sínú ìdánwò rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1951, ìgbìmọ̀ ìjọba fún un ní £10,000 ní ẹ̀san àwọn iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ nígbà ogun. Owó ńlá ni ní ọjọ́ wọ̀n-ọn-nì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà kò sì lè sọ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni ó kó fún Christ's Hospital, kí a lè fi kọ́ ọmọ àwọn ológun òfuurufú tí ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ó gba oyè Sir ní ọdún 1968. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù October, 1979, ní ẹni ọdún 92, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta pẹ̀lú Molly. Inú ọgbà ìjọ St Lawrence ni a sin ín sí, ní Effingham kan náà tí ọpọ́n omi àwọn ọmọ wà.