Wọ́n fún ẹ́ńjìnnì Honda lágbára tán, àṣé ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé!

Ní California, l'Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ wà tó jẹ́ pé gbogbo owó tí wọ́n bá rí, inú ẹ́ńjìnnì Honda ló ń lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ á fi ọdún kan gbáko tọ́jú owó, á ra písítìn tuntun, á gbé orí ẹ́ńjìnnì fún àwọn tó ń fá a, á sì to gbogbo ẹ̀ padà, táa máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n kinní kan wà tó lè sọ gbogbo làálàá yẹn dòfo: àpótí pẹlẹbẹ kan tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú. Òun làwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box. Bí wọn ò bá sọ fún àpótí yìí pé ẹ́ńjìnnì ti yí padà, ìṣẹ́jú péréte lórí ọ̀nà márosẹ̀ ti tó. Písítìn á fọ́, owó ọdún kan á sì wọgbó.

Ọ̀rọ̀ kọ̀mpúrẹ́ṣàn ló fà á. Kí epo tó jó, písítìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún òun àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ohun tó kún àyè mẹ́wàá bá di èyí tó gba àyè ẹyọ kan, 10 sí 1 nìyẹn. Bó bá ṣe ń fún un pọ̀ sí i ni agbára ń jáde sí i lára epo kan náà. Ẹ wo Integra Type R tí Honda gbé jáde ní Japan lọ́dún 1995. Lítà 1.8 péré ni, kò ní tọ́bò, síbẹ̀ agbára ẹṣin 200 ló ń gbé jáde, torí pé 11.1 sí 1 ni kọ̀mpúrẹ́ṣàn rẹ̀. Èyí tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1997 lórúkọ Acura, 10.6 sí 1 ni, agbára ẹṣin 195. Epo tó dára jù ní Japan ló ń gbé ti àkọ́kọ́ yẹn. Nílé epo California, 91 ni wọ́n máa ń kọ sára èyí tó wọ́n jù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá fún pọ̀ jù máa ń gbóná. Bó bá ti gbóná kọjá ààlà, apá kan nínú epo ò ní dúró de iná pílọ́ọ̀gì mọ́, á gbaná fúnra ẹ̀, á sì máa dún bí ìgbà téèyàn da ìṣó sínú agolo. Knock làwọn òyìnbó ń pè é, àmọ́ kì í ṣe nọ́ọ̀kì táwọn ará Ládípọ̀ ń wí o. Bí mẹkáníìkì Èkó bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ló ń túfọ̀ yẹn. Èyí tí à ń sọ yìí, àìsàn tó ń pa á ni.

Brain box ló ń pinnu ìgbà tí pílọ́ọ̀gì máa taná. Nọ́ńbà rẹpẹtẹ ló wà nínú ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré tó báyìí, tí afẹ́fẹ́ tó wọlé tó báyìí, kí iná ta ní díìgíì báyìí kí písítìn tó dókè. Bí iná bá yá jù, knock dé. Bó bá pẹ́ jù, agbára á lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n torí ẹ̀ kọ nọ́ńbà yẹn nìkan ni àpótí náà mọ̀.

Èyí táwọn ọmọ Honda fẹ́ràn jù ni P28, inú Civic ọdún 1992 sí 1995 ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 tí kọ̀mpúrẹ́ṣàn rẹ̀ jẹ́ 9.2 sí 1 ni wọ́n ṣe é fún, òun ni wọ́n wá ń so mọ́ èyí tó lé ní 11. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀, adití ni P28! Kò sí ohun tó ń gbọ́ ìró knock nínú ẹ̀ rárá. P72 tó wà nínú Integra GS-R létí ní tiẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ráhùn, á fa iná sẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń wá adití kiri? Ìdí ni pé ó ṣeé tú, ó ṣeé fi chip tuntun sí. Láti ọdún 1996 tí òfin ti mú kí gbogbo ọkọ̀ tuntun l'Amẹ́ríkà máa lo OBD-II, àpótí tó tẹ̀ lé e kò rọrùn bẹ́ẹ̀ mọ́, lọ̀pọ̀ èèyàn bá ń padà sí ti àtijọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ 1996 sókè ní California, kó má retí pé òun á yege níbi àyẹ̀wò èéfín.

Àwọn kan á gba chip tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á tì í bọ ibẹ̀. Ìwà wèrè gbáà nìyẹn. Àwọn kan á fi S300 tí Hondata ṣe sínú P28 yẹn, wọ́n á so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn, wọ́n á sì máa yí nọ́ńbà náà bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn olówó á ra odindi àpótí tuntun bíi Haltech tàbí AEM, àwọn tọ́wọ́ wọn yá á sì fọwọ́ ara wọn jó MegaSquirt pọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, P28 tó ní S300 ti tó jàre, kí wọ́n gbé owó tó kù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ti iná pílọ́ọ̀gì gan-an ńkọ́? Àwọn Honda àtijọ́ yìí, kọ́ìlì kan ṣoṣo tó wà nínú dísítíríbútọ̀ ló ń bọ́ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ taná ní ìgbà 266 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ráyè mí! Bẹ́ẹ̀, bí kọ̀mpúrẹ́ṣàn bá ṣe ga tó ni iná gbọ́dọ̀ le tó kó tó lè fò kọjá ẹnu pílọ́ọ̀gì. Àwọn kan ń so àpótí MSD mọ́ ọn, àmọ́ iná léraléra tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ kì í kọjá 3,000. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan náà ló kù.

Èyí tó dára jù ni kí pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tiẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì End of Discussion olórí mẹ́rin ti rí i rí. Iṣẹ́ á wá fọ́nká, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan á máa ta ìgbà 66 péré. Àmọ́ wọn kì í ju dísítíríbútọ̀ nù, torí inú ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ibi tí písítìn wà fún brain box ń gbé. Pílọ́ọ̀gì náà gbọ́dọ̀ tutù sí i. Bó bá jẹ́ NGK 6 ló wà níbẹ̀, 7 ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n á sì fún ẹnu ẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni ọkọ̀ á tó gun dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fa iná sẹ́yìn dáadáa, á wá máa fi díìgíì kọ̀ọ̀kan kún un, á máa tẹ́tí, á máa wo ìwé. Níbi tí agbára bá ti kọ̀ tí kò lọ sókè mọ́, á dúró, á sì tún yọ díìgíì kan tàbí méjì kúrò níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí oòrùn bá mú, tàbí ọjọ́ tí ilé epo bá ta epo tí kò dára fún ẹni tó ni ọkọ̀.