Búrẹ́dì aládùn lè wú dáadáa láìlo potassium bromate

Ní ọjà Farin Gada tó wà nílùú Jos, ìpínlẹ̀ Plateau, pòtétò, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti tòmátò ni àwọn oníṣòwò máa ń kó jọ kí ọkọ̀ ńlá tó kó wọn lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lórílẹ̀ èdè Nàìjíríà. Mítípáì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí nínú wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi pòtétò àti kárọ́ọ̀tì ṣe. Ṣùgbọ́n bí èlò inú búrẹ́dì bá ń ṣe ara lóore, ó yẹ kí búrẹ́dì fúnra rẹ̀ náà má ṣe jẹ́ ewu fún ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ewu tí àwọn onímọ̀ ìlera ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni ti kẹ́míkà potassium bromate, tí àwọn kan máa ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè tètè wú, kí ó sì ga. Lọ́dún 1999, àjọ IARC, tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, nítorí pé ó fa jẹjẹrẹ kíndìnrín lára àwọn eku tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Bí búrẹ́dì bá jinná dáadáa, púpọ̀ nínú kẹ́míkà náà máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí búrẹ́dì kò bá jinná dénú, ó máa ń ṣẹ́kù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é lọ́dún 1990. Àjọ NAFDAC náà fòfin dè é ní Nàìjíríà nígbà tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ń darí àjọ náà.

Iṣẹ́ tí kẹ́míkà yìí ń ṣe, omi àti àkókò lè ṣe é láìsí ewu. Purotéènì wà nínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Bí wọ́n bá fi omi pò ó, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, purotéènì náà yóò so kọ́ra bí àwọ̀n, yóò sì há afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń mú jáde mọ́ inú. Ìdí nìyí tí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ fi ń wú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí.

Fún búrẹ́dì roboto 12, ohun tí wọ́n nílò ni ìyẹ̀fun giramu 500, ṣúgà giramu 50, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, yíìsì ìdajì ṣíbí kékeré, òróró ṣíbí ńlá méjì, àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mìlílítà 350. Wọn yóò rò wọ́n pọ̀, wọn yóò sì bò ó. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun, tí òtútù sì máa ń mú lóru, ó lè wà bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, wákàtí 4 sí 6 lè tó. Bí ó bá ti di ìlọ́po méjì, ó ti ṣetán. Kò yẹ kí wọ́n fi ẹyin tàbí mílíìkì sí èyí tó máa sùn mọ́jú láìsí nínú fíríìjì, nítorí kòkòrò àrùn.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò gé e sí 12, wọn yóò fi àgbọn rírin, tàbí ẹran lílọ̀ tí wọ́n ti sè jinná pẹ̀lú pòtétò àti kárọ́ọ̀tì, tó sì ti tutù, sí i nínú. Kí ó tún wú fún bí ìṣẹ́jú 45, kí wọ́n tó yan án nínú ààrò tó gbóná tó 190 ní ìwọ̀n Celsius fún bí ìṣẹ́jú 25. Èyí tó ní ẹran kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ.

Ní ti ṣúgà, ìmọ̀ràn WHO lọ́dún 2015 ni pé kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju bí giramu 50 lọ lóòjọ́, àti pé giramu 25 ló sàn jù. Nǹkan bí giramu 4 péré ni ṣúgà tí wọ́n fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú búrẹ́dì yìí.

Ojú lásán kò lè dá búrẹ́dì tó ní bromate mọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rà lọ́jà máa wo nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tó bá sì yan tirẹ̀ nílé mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.