Láti Ìtòkú dé Kinngait

Ẹni tó bá ra adìrẹ ẹlẹ́kọ láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn mélòó kan ló rà. Aládìrẹ ló ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Aláró ló ń rì í sínú ìkòkò aró títí yóò fi dú. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọjà adìrẹ Ìtòkú wà, àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń gé àrà sí páànù, tí wọ́n á wá gbé páànù náà lé aṣọ, tí wọ́n á sì fi ẹ̀kọ kùn ún. Ẹni tó bá mọ ètò yìí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa bí àwọn ayàwòrán ìlú kékeré kan lápá òkè réré ilẹ̀ Kánádà ṣe ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi kan kò hù nílùú wọn, tí òkun wọn sì máa ń dì fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún.

Kinngait ni ìlú náà ń jẹ́. Cape Dorset ni orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dá orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é padà fún un ní 2020. Erékùṣù kékeré kan ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù ńlá Baffin, ní agbègbè Nunavut. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,400 lọ, àwọn Inuit, ìyẹn àwọn onílẹ̀, sì lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Títì kankan kò so ó mọ́ ìlú míì. Bàálù lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ńlá kì í lè dé àfi nígbà ooru, tí yìnyín bá ti yọ́. Ẹ lè fojú inú wo iye tí búrẹ́dì yóò máa jẹ́ nírú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ ṣíṣe kò fi kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín wọn: ẹja àti séálì, ẹran inú òkun, ṣì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé.

Ìtàn bí iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ wù mí púpọ̀. Ayàwòrán ará Kánádà kan, James Houston, ń gbé láàárín wọn. Ní 1957, agbẹ́gilére wọn kan tó lórúkọ, tó jẹ́ pé òkúta àti eyín ẹran òkun ló ń gbẹ́, Osuitok Ipeelee, mú páálí sìgá méjì, ó ń wo orí atukọ̀ tó wà lára wọn. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni orí méjèèjì. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó ń jókòó ya orí yìí sára páálí kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Houston ròyìn pé òun wá bí òun ṣe máa ṣàlàyé, òun kò rí ọ̀rọ̀ sọ, lòun bá mú eyín ẹran tí Osuitok fúnra rẹ̀ ti fín, òun fi dúdú kùn ún, òun tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, òun sì ṣí i. Àwòrán náà ti wà lára bébà. Osuitok wò ó, ó ní àwọn náà lè ṣe é.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Houston gbéra lọ sí Japan, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá atẹ̀wòrán kan, Un'ichi Hiratsuka. Igi ni àwọn ará Japan ń gbẹ́ láti fi tẹ̀wòrán. Kinngait kò ní igi, ṣùgbọ́n òkúta kún ilẹ̀ wọn, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ òkúta. Wọ́n tún gé àrà sí awọ séálì bí àwa ṣe ń gé e sí páànù, nítorí àwọn obìnrin wọn ti ń gé awọ rán aṣọ àti bàtà láti ayébáyé. Àrà tí Kenojuak Ashevak kọ́kọ́ ṣe sára àpò awọ ló di àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀, ní 1959. Ọdún yẹn náà ni àkójọ àwòrán wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń gbé òmíràn jáde lọ́dọọdún láti ìgbà náà wá.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ fún obìnrin ayàwòrán kan níbẹ̀ rèé. Ká ní oṣù Kejìlá ni, oòrùn kì í tètè yọ, wákàtí díẹ̀ ló sì ń lò lójú ọ̀run kó tó wọ̀. Obìnrin náà ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì ìdáná, ó mú pẹ́ńsù aláràbarà. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń ké, ará ilé kejì wọlé wá láìkan ilẹ̀kùn. Àárín ariwo yìí ló ti ń yàwòrán. Tó bá parí, á ká a lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ará ìlú ni. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á dá iye lé e, wọ́n á sì sanwó fún un lójú ẹsẹ̀. Owó yẹn ló ń gbé wọ ilé ìtajà, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló ni ín. Ó lè fi ra ìyẹ̀fun àti tíì, ó sì lè fi ra epo sí ọkọ̀ orí yìnyín tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ sóko ọdẹ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí ẹgbẹ́ bá rà kì í di títẹ̀. Wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pa mọ́. Nǹkan bíi 30 ni wọ́n ń yàn lọ́dún. Ẹlòmíràn á wá gbé èyí tí wọ́n yàn lé òkúta pẹrẹsẹ, á gbẹ́ ibi tí kò yẹ kó gba àwọ̀ kúrò. Wọ́n á yí àwọ̀ lé òkúta náà, wọ́n á tẹ́ bébà Japan lé e, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rọra ṣí i. Bí wọ́n bá ti tẹ 50, wọ́n á ba ojú òkúta náà jẹ́ kó má baà sí ẹni tó lè tún un tẹ̀. Lára bébà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti rí àmì ayàwòrán, àmì ẹni tó gbẹ́ òkúta, àti ilé yìnyín pupa kékeré tí í ṣe àmì ẹgbẹ́. Kò sí ọwọ́ tí wọ́n fi pa mọ́.

Kenojuak ló tayọ nínú wọn. Inú ilé yìnyín ní àgọ́ ọdẹ ni wọ́n bí i sí ní 1927. Ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè sí ilé ìwòsàn ní Quebec láti 1952 títí di 1955. Òwìwí rẹ̀ tó yà ní 1960, tí ìyẹ́ rẹ̀ tàn káàkiri bí ìtànṣán, ni ìjọba Kánádà fi ṣe sítáǹpù ní 1970. Ó máa ń sọ pé òun kì í rò ó tẹ́lẹ̀, pé ohun tó máa lẹ́wà lòun kàn ń wá. Títí ó fi kú ní 2013, Kinngait ló ń gbé.

Annie Pootoogook, ọmọ Kinngait míì, kò ya òwìwí ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ Napachie jẹ́ ayàwòrán, ìyá-ìyá rẹ̀ Pitseolak Ashoona náà bẹ́ẹ̀. Annie ya ohun tó rí nínú ilé: ẹbí tó jókòó sílẹ̀ yí ẹran séálì ká, ọkùnrin tó ń lu ìyàwó rẹ̀, èèyàn tó ń ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 2006 ó gba ẹ̀bùn Sobey, tó wà fún àwọn ayàwòrán Kánádà, 50,000 dọ́là. Ó kó lọ sí Ottawa, ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì rí òkú rẹ̀ nínú odò ní 2016, lẹ́ni ọdún 47. Ikú yẹn dùn mí. Òkìkí nìkan kò lè dúró fún èèyàn bí ará ilé ṣe lè dúró fún un.

Àwa náà ní tiwa lásìkò kan náà. Dúró Ládípọ̀ àti àjèjì kan, Ulli Beier, dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Ní 1964, àwọn ọ̀dọ́ bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Georgina Beier. Àjèjì ló bá wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú méjèèjì, ọmọ ìlú ló sì gbé e dé ibi tó dé. Òkìkí àwọn ará Òṣogbo kan ayé. Àmọ́ Kinngait ní ohun kan tí Òṣogbo kò ní: ẹgbẹ́ tí ará ìlú fúnra wọn ni, tó ń gba ewu ọjà kúrò lórí ayàwòrán.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àgbẹ̀ kòkó, olùkọ́, ìyálọ́jà, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ̀yin ayàwòrán Òṣogbo, ẹ̀yin aládìrẹ tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ń gba ọjà mọ́ lọ́wọ́, ẹ dá ẹgbẹ́ tí yóò máa ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá parí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà sí i lára.