Ìrìn Àdúrà Lórí Àwọn Òkè Abẹ́òkúta: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Ṣètò Rẹ̀

Òkè àti àdúrà kì í ṣe àjèjì sí àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1937 ni àwọn ọmọ Ìjọ Olúwa (Aládùúrà), tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lù dá sílẹ̀, ti ń péjọ lọ́dọọdún sí òkè àdúrà wọn ní Ògèrè Rẹ́mọ. Ìrìn àdúrà yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ẹni tó lọ sí òkè àdúrà fi ariwo ìlú sílẹ̀ láti wá ojú Ọlọ́run. Ẹni tó ń rin ìrìn àdúrà ń wọ inú ìlú lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó ń gbàdúrà fún, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń mẹ́nu kàn níwájú Olúwa.

Nehemáyà ni olùkọ́ wa nínú ètò yìí. Nígbà tó dé Jerúsálẹ́mù, kò pe ìpàdé lójú ẹsẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló dìde lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ó yẹ odi ìlú wò, ó rí ibi tó wó àti ibi tí iná jó. Ẹ̀yìn èyí ló tó bá àwọn àgbààgbà sọ̀rọ̀. Kí a kọ́kọ́ rí, kí a tó sọ: ìpìlẹ̀ ìrìn àdúrà nìyẹn.

Bí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìrántí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ wa, Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ni ìlú olókè tó yẹ wá. Aké ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta. Sódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sódẹkẹ́ kì í ṣe Kristẹni. Ní 1846, Samuel Àjàyí Crowther náà dé. Ní 1859, Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: àlejò ni ìhìn rere nígbà tó wọ ìlú yìí, ọwọ́ ẹni tí kò tíì gbà á gbọ́ ló sì ti rí ibùwọ̀. Bí àlejò ló yẹ kí àwa náà rìn.

Àwọn òkè ìlú náà pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo gbìyànjú láti gun gbogbo wọn. Kí àwọn àgbàlagbà dúró sí Aké, kí wọ́n máa bá àdúrà lọ níbẹ̀. Kí àwọn yòókù pín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ kìíní yóò gun Olúmọ, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá di nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, tí wọ́n sì tẹ ìlú wọn dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Àdúrà tó yẹ ibẹ̀ ni ti àwọn tí kò ní ibi ìsádi lónìí. Ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Kí a san owó ìwọlé bí gbogbo àlejò, kí a kí àwọn tí a bá níbẹ̀. Kí a má da òróró sílẹ̀, kí a má fọwọ́ kan ohun ẹnikẹ́ni, kí a má sì gégùn-ún. Àwa tí Mùsùlùmí, Kristẹni àti onísẹ̀ṣe ń jẹun pọ̀ nínú agboolé wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo lè bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ kejì yóò lọ sí Òkè Ẹ̀gúnyà, níbi tí Baptist Boys' High School, tí a dá sílẹ̀ ní 1923, wà. Níbẹ̀ ni kí a ti rántí olùkọ́, àti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé ṣùgbọ́n tí owó ìwé kò sí fún. Ẹgbẹ́ kẹta yóò lọ sí Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà. Kí a gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, kí a sì dárúkọ ilé wa níbẹ̀: ọ̀nà Yewa, àti àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí ọwọ́ wọn há nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ààlà ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019.

Ní ti ètò gan-an, àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára, nítorí pé òjò máa ń mú kí àpáta yọ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Kí a ti kọ̀wé sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí a sì fi tó àwọn baálẹ̀ àdúgbò létí. Kí ẹni méjì ti rin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò ṣáájú ọjọ́ náà. Kí omi, bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ kan wà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọdé má sì rìn láìsí òbí. Ní 1987, àwọn Kristẹni ìlú London fi orin àti ìlù rìn ní gbangba, àṣà náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín kò nílò gbohùngbohùn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni kí ó máa rìn pọ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà ní ohùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá padà sí Aké, kí a ka àwọn àkọsílẹ̀ náà sí etí ara wa. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo tí agbára wọn ká: owó ilé-ìwé ọmọ kan, ìbẹ̀wò sí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ilé ìwòsàn, lẹ́tà kan sí ìjọba lórí ọ̀nà kan. Lẹ́yìn tí Nehemáyà yẹ odi wò tán, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n sì mọ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ wa bá ti rìn, ó ku ọwọ́ wa.