Kí ẹ tó gbé ìkànnì ìlú yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kó bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kọ ìkànnì, ó wá ń bi mí pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí ọ̀rọ̀ ìkànnì ti fi ojú mi rí màbo! Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣubú níbì kan ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti tèmi ná.

Ní nǹkan bí ọdún 1996, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà tí mo gbà lẹ́nu àwọn àgbà ní Èsìẹ́, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn sórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ lórí kíbọọ̀dù wa nígbà náà. Fọ́ǹtì àrà ọ̀tọ̀ kan la ń lò. Ẹ ó tẹ àmì dọ́là, ojú yín á rí ṣ. Lójú wa, Yorùbá ni. Nínú kọ̀ǹpútà, dọ́là ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, mo gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan pé kó bá mi fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ò ní fọ́ǹtì yẹn. Ó rò pé ìdọ̀tí ni gbogbo àwọn àmì náà, ló bá pa wọ́n rẹ́ kí iṣẹ́ lè mọ́. Mo sáré padà sídìí dísíkì mi, dísíkì ò ṣí mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí téèpù wọn ṣì ń sọ̀rọ̀, mo tún wọn tẹ̀. Àwọn yòókù wà nílẹ̀ báyìí: ìtumọ̀ wọn wà, ohùn wọn ò sí. Àwọn tí mo lè bi ti sùn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọmọ mi yìí ni pé, kó tó yan àwọ̀ àti àwòrán, kó rí i pé Yorùbá tó máa kọ yóò dúró. Unicode ló yanjú èyí. Ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ káàkiri ayé: ẹ ni 1EB9, ọ ni 1ECD, ṣ ni 1E63. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì pé UTF-8 ni kó lò, kó sì kọ lang="yo" sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè mọ̀ pé Yorùbá ló wà níwájú òun.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Èèyàn lè tẹ ẹ kó fi àmì òkè lé e. Ó sì lè tẹ é kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ò ní mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ lè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọ̀rọ̀ kan lórí ìkànnì ara yín kí ẹ má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC ló ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ béèrè fún un. Kí ẹ sì tó gba fọ́ǹtì kankan, ẹ fi ẹ̀, ọ́, ṣ àti ǹ dán an wò lórí fóònù. Fọ́ǹtì tó bá gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ẹ dá a padà.

Ẹ má sọ pé "wọn á ṣáà yé e." Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ẹ yọ àmì wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin á di "oko" kan náà. Ọdún 1875 ni àwọn oníjọ C.M.S. ti jókòó ní Èkó nítorí bí a óò ṣe máa kọ Yorùbá, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí sì jáde ní 1974. Kò yẹ kí fóònù ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí Google. "Esie" lásán ni wọn á tẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìlú lọ́nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kí àdírẹ́sì ojú ìwé má sì ní àmì rárá. Tí ẹ bá fi ẹ sínú àdírẹ́sì, ó lè di %E1%BA%B9 tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní 1997, Jakob Nielsen ròyìn pé nínú àwọn tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dán wò, 79 nínú 100 kàn ń fi ojú gbá ojú ìwé tuntun kọjá ni. 16 péré ló ń kà á ní ọ̀rọ̀-ọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a ti ìdí pẹ̀lẹ́ńbẹ́ mú un wá. Ẹni tó wà ní ọkọ̀ láti Ìlọrin tó ń wá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ò ní sùúrù ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni: ibo ló wà, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí i, èló ni wọ́n ń gbà, kí ni màá rí? Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Èsìẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló wà níbẹ̀."

Ẹ fi wákàtí tí wọ́n ń ṣí i àti owó ìwọlé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn lè tẹ̀ lé e, pé ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé C.M.S., jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ nípa wọn. Ẹ má kọ pé ó "ṣàwárí" wọn o. Àwọn baba wa ti ń bọ wọ́n kí ó tó dé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ìpínrọ̀ kúkúrú ti tó. Bákan náà ni líǹkì: dípò "tẹ ibí yìí", ẹ kọ "Bí a ṣe ń dé Èsìẹ́ láti Ìlọrin".

Ẹ rántí ẹni tó ń ra dátà. Àwòrán ère mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4MB ti di 40MB. Tí ẹ bá dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí 150KB, gbogbo rẹ̀ ò ju 1.5MB lọ, ojú ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọjọ́ ìpàdé sínú pósítà alárànbarà kí ẹ kàn gbé pósítà náà síbẹ̀. Afọ́jú ò ní gbọ́ ọ, ẹni tó ń wá a lè má rí i. Ẹ tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà lásán.

Ní ti àwọ̀, àjọ W3C ní kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Lẹ́tà eérú lórí funfun ń pa àwa àgbà lójú. Kí àyè àárín ìlà náà sì fẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí Yorùbá ru àmì lórí, ó tún wọ̀ ọ́ sábẹ́. Tí ìlà bá fún jù, àmì abẹ́ ti òkè á kọlu àmì orí ti ìsàlẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣàtúnṣe kẹ́yìn sí ojú ìwé, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń san owó orúkọ ìkànnì lọ́dọọdún. Owó tí kò bá ní olówó kì í pẹ́ gbàgbé. Ẹ pa ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ síbi méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti bébà.

Mo ní kí ọmọ mi náà gbé fóònù fún ìyá rẹ̀ kó tó ṣí ìkànnì fáráyé. Tí ìyá bá rí ọjọ́ ìpàdé láìbéèrè, tó sì ka orúkọ ìlú bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, ìkànnì ti jẹ́ ìkànnì nìyẹn.

Èmi ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ tèmi. Tí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà tó ń sọ Ìgbómìnà, ẹ bá mi bi wọ́n. Ohùn ni mò ń wá.