Test d'Emmel «négatif» kò sọ pé AA ni yín

Ẹ̀yin ará wa ní Attiégou àti káàkiri Lomé, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé tọkọtaya á ní àwọn ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ra, pé ti ìyàwó jáde ní «négatif», síbẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní drépanocytose. Wọ́n á ní laboratoire ló purọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, laboratoire kò purọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ni kò lè rí ohun tó fara pamọ́.

Drépanocytose ni àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Kò ń ràn, kì í sì í ṣe èpè. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Hémoglobine ni ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, tó sì ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Bàbá á fún ọmọ ní irú kan, ìyá á fún un ní irú kan. A ló dára. S ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di bíi dòjé. Ẹni tó jẹ́ AS ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Ẹ má rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ o!

Títí dé ibí yìí, ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ọ rí. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ti C. C wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ní Togo, Bénin, Ghana àti Burkina. Ara ẹni tó jẹ́ AC le dáadáa. Ṣùgbọ́n bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SC, drépanocytose sì ni SC náà. Ìdá kan nínú mẹ́rin kan náà ni.

Nínú test d'Emmel, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ du ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá ó tẹ̀ bíi dòjé. S nìkan ló ń rí. AS, SS, SC, «positif» ni gbogbo wọn. AC ńkọ́? «Négatif». Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Électrophorèse de l'hémoglobine ni kí ẹ dárúkọ fún dókítà, òun ló ń fi A, S àti C hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Groupe sanguin, A+ tàbí O+ tó wà nínú carnet yín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

SC mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́. Ẹlòmíràn á dàgbà, á máa ṣòwò, àfi ìgbà tó bá lóyún tàbí tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú kó tó mọ̀.

Ti ọmọ SS kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá a wá láti inú ìyá ń dáàbò bò ó ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Tó bá tó bí oṣù 6, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè wú, ojú lè pọ́n bí òféèfèé. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á fi abẹ sí i lára. (Mi ò bú àwọn àgbà o, wọn kò ní microscope.)

Bí a bá tètè mọ̀, nǹkan wà tí a lè ṣe. Ní 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pénicilline ojoojúmọ́ dín àkóràn tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí kù ní ìdá 84 nínú 100. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Wọ́n sì ń kọ́ ìyá láti fọwọ́ kan rate, lábẹ́ ìhà òsì, torí bó bá wú lójijì, ọsibítù ni kíá. Ní Cotonou nítòsí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é báyìí láti àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú sì ń yè.

Ní Lomé, Centre National de Recherche et de Soins aux Drépanocytaires wà ní CHU Campus. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣe électrophorèse. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi tọrẹ ni wọ́n á kà. Ó yẹ kí ẹ dúró tó bí oṣù 3.